Bí Sítátà Ọkọ̀ Bá Kọṣẹ́ Sílẹ̀

Lẹ́tà tí a fẹ́ dáhùn ní oṣù yìí wá láti Iléṣà, láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ọkọ̀ wọn kì í fẹ́ dìde mọ́ láàárọ̀. Àwọn ọmọ á ti wọ aṣọ ilé-ìwé, wọ́n á ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, bàbá wọn á yí kọ́kọ́rọ́, yóò dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Rìwáyà kan ti wò ó, ó ní kí wọ́n lọ ra kíkì sítátà mìíràn. Owó tí ó dá lé e, pẹ̀lú owó iṣẹ́ rẹ̀, súnmọ́ owó ilé-ìwé ọmọ kan fún táàmù kan gbáko. Ọkọ rẹ̀ wá ní òun yóò ra sítátà náà, ṣùgbọ́n òun yóò fi ọwọ́ ara òun pàrọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ilé. Arábìnrin wa ń bèèrè pé, ǹjẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe é ṣe nílé, àbí kí òun tètè dá bàbá àwọn ọmọ lẹ́kun?

Ó ṣe é ṣe. Ẹ má ṣe dá wọn lẹ́kun. Fún ẹni tí ó bá ní sípánà tí ó pé, tí kò sì kánjú, wákàtí méjì sí mẹ́ta ni iṣẹ́ náà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, àyàfi irú èyí tí àwọn tí ó ṣe é bá ti sítátà rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò lè dé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá sítátà ni ó jẹ̀bi. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní Òṣogbo níhìn-ín tí wọ́n yọ sítátà tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ra òmíràn fi rọ́pò rẹ̀, tí ọkọ̀ sì tún kọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ni ó ti jẹrà.

Kí ni sítátà ń ṣe gan-an? Ẹ́ńjìnnì kò lè dá ara rẹ̀ jí. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i kí ó tó lè fa epo àti afẹ́fẹ́ sínú, kí ó fún wọn pọ̀, kí iná sì ràn. Láyé àtijọ́, apá ènìyàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn tí wọ́n bá ayé bọ́lẹ̀kájà yóò rántí irin wíwọ́ tí mọ́tò-bọ́ì máa ń kì bọ imú ọkọ̀, tí yóò máa yí i títí tí òógùn yóò fi bò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin náà lè ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ́ ọmọ-ọkọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi àtàǹpàkò gbá irin náà mú. Ìka márààrún gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí irin lè bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá gbà á.

Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Charles Kettering, ní ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni ó gba apá ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà yìí. Ní 1911 ni ó ṣe sítátà oníná tí ilé-iṣẹ́ Cadillac fi sínú ọkọ̀ wọn ti 1912. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó àwọn oníṣòwò, ó sì ṣe ẹ̀rọ kékeré oníná kan tí ń ṣí dúróà owó. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni yóò fi ṣe tirẹ̀, yóò sì sinmi. Ohun tí Kettering rí nìyẹn: ẹ̀rọ kékeré lè gbé ẹrù tí ó ju ara rẹ̀ lọ, bí kò bá ti pẹ́ nídìí ẹrù náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di kọ́kọ́rọ́ mú bí ẹni di ọmọ olè mú, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń bá bọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti tó. Bí ọkọ̀ kò bá dìde, ẹ tu kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ fún sítátà ní ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ara rẹ̀ tutù, kí ẹ tó tún un gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ sítátà ni ó jẹ́ pé sísun ni wọ́n sun ún kú.

Iná tí sítátà ọkọ̀ kékeré ń fà nínú bátìrì oní 12 fóòtì máa ń tó 100 sí 200 ámpìà. Gílóòbù iná iwájú kan kì í gbà ju nǹkan bí 5 lọ. Ẹ wá rí i bí ó ti jẹ́ pé iná lè tàn gbòò, rédíò lè máa sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kí bátìrì náà má lè yí ẹ́ńjìnnì. Lórí ẹ̀yìn sítátà, ẹ ó rí nǹkan róbótó kékeré kan, sọ́lẹ́nọ́ìdì ni. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń ti jíà kékeré tí àwọn rìwáyà ń pè ní bẹ́ńdísì síwájú kí eyín rẹ̀ lè wọ eyín fúláì-wíìlì, ó sì ń pa ẹnu wáyà ńlá méjì pọ̀ kí iná lè wọlé. (Orúkọ ènìyàn ni bẹ́ńdísì, Vincent Bendix ni, ará Amẹ́ríkà bákan náà.) Eyín bẹ́ńdísì kì í sábà ju mẹ́wàá lọ, ti fúláì-wíìlì sì máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún, nípa bẹ́ẹ̀ ni kékeré fi ń yí ńlá. Nínú sítátà fúnra rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù wà, tí ń fi ara nu ọ̀pá tí ń yí kí iná lè dé ibẹ̀. Bí ó ti ń fi ara nù ún ni ó ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ ṣe ń jẹ tán lójú pátákó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń wa ọkọ̀ fi etí sílẹ̀ dáadáa níbí, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n sábà máa ń sọ ohun tí ó bá wù wọ́n fún. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ó ń dún ta-ta-ta-ta kíákíá bí ẹni ń tẹ tàpùréítà, bátìrì ni ó ti rẹ̀, tàbí orí bátìrì kò dì mọ́ ọn. Kì í ṣe sítátà. Bí ó bá dún "kẹ́" ẹyọ kan tí kò sì yí, ẹ tan iná iwájú, kí ẹnì kan dúró síwájú ọkọ̀ lókèèrè díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́, kí ó máa wo iná náà bí ẹ ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣú tàbí tí ó kú pátápátá, bátìrì àti àwọn wáyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí iná kò bá yí padà rárá, tí ó ń tàn bí ó ti ń tàn tẹ́lẹ̀, iná kò wọ inú sítátà nìyẹn. Ẹnu sọ́lẹ́nọ́ìdì ti jó, tàbí kábọ́ọ̀nù ti tán. Bí ó bá ń pariwo "wììì" tí ẹ́ńjìnnì kò mira, bẹ́ńdísì kò mú mọ́. Bí ó bá ń ha bí irin tí ń lọ irin, ẹ má tún un yí mọ́ o, eyín ń jẹ eyín, bí fúláì-wíìlì bá sì bàjẹ́, jíà ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀, owó rẹ̀ yóò sì ju ti sítátà lọ fíìfíì. Bí kò bá dún rárá, tí iná sì wà, ẹ fi gíà ọkọ̀ òtòmátíìkì sí N kí ẹ tún gbìyànjú. Nínú àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí, bí ọkọ̀ kò bá mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí iná kékeré tí ó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ kò ní iṣẹ́ kankan lábẹ́ ọkọ̀.

Àwọn kan máa ń fi igi lu sítátà jẹ́jẹ́, kí ẹlòmíràn sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá dìde nípa bẹ́ẹ̀, kábọ́ọ̀nù ni, ó sì ti sọ fún yín pé òun kò ní pẹ́ lọ. Ẹ má fi òòlù fọ́ ọ. Sítátà òde òní mìíràn ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú tí ó lè sán.

Ẹni tí ó bá ní mítà tí a fi ń wọn iná, iṣẹ́ rẹ̀ ti rọrùn. Bátìrì tí ó kún, tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti dé ìdajì. Bí ẹnì kan ti ń yí kọ́kọ́rọ́, tí ó bá já wálẹ̀ kọjá 9.6, bátìrì ni kí ẹ bá wí. Ẹni tí kò ní mítà, kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó wo orí bátìrì. Ìdọ̀tí funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ó máa ń hù síbẹ̀ bí èébú kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ tú u, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńpépà họ ọ́ títí yóò fi dán, ẹ dè é padà kí ó le. Kí ẹ tún wo ibi tí wáyà dúdú ti so mọ́ ara ọkọ̀ àti mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Àwọn kan wà láàárín wa tí ó jẹ́ pé bí ọkọ̀ wọn bá ti kọ̀ láàárọ̀, wọn kò ní ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ará ilé bàbá ni wọn yóò máa wò lójú. Wọ́n á ní ṣebí ẹ̀rọ ni ó dúró tí a fi pe Josẹfu Ayọ̀ Babalọlá. Òtítọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ títì fún iṣẹ́ ìjọba, àti pé ní oṣù kẹwàá ọdún 1928 ni ẹ̀rọ náà dúró mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Ìkéjì-Arákeji, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n ìtàn tiẹ̀ náà sọ pé ó ti wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó ń tún un ṣe kí ohùn tó kàn án. Ẹ lọ wo orí bátìrì ná.

Bí gbogbo èyí bá ti wá fi hàn pé sítátà ni, kí a tó gbé jáàkì, ẹ gbọ́ ohun kan tí mo fẹ́ kí ìyàwó ilé máa rán ọkọ rẹ̀ létí. Àwọn kan máa ń fi sukurudíráfà so ẹnu sọ́lẹ́nọ́ìdì méjèèjì pọ̀ láti fi dán sítátà wò. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ ní Òṣogbo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú gíà, òun sì dúró sí àárín ọkọ̀ àti ògiri. Ọkọ̀ kò bèèrè ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kí ó tó fò síwájú. Oṣù mẹ́rin ni ó fi wà lórí ìdùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí bàbá bá fẹ́ dán an wò, kọ́kọ́rọ́ ni kí wọ́n fi dán an wò, gíà ní òmìnira, háńdì-búréèkì ní fífà, kò sì gbọdọ̀ sí ọmọ kankan níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ó sì le. Mo mọ̀ pé Iléṣà kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọkọ̀ sórí òkè kí ó lè yí gbiiri kí wọ́n sì fi gíà gbé e láàárọ̀. Ibẹ̀ kọ́ ni ibi iṣẹ́ yìí. Ẹ fi igi há táyà tí yóò wà nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Bí sítátà bá ṣe é yọ láti òkè, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ dúpẹ́, ẹ kò nílò jáàkì. Bí ó bá di dandan kí ènìyàn wọ abẹ́ ọkọ̀, jáàkì nìkan kò tó. Ẹ fi irin ìdúró tí a ṣe fún un gbé e, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì. Búlọ́ọ̀kù tí ó gbé ilé ró kì í fọ́ nítorí pé ẹrù tẹ́ ẹ káàkiri. Bí irin abẹ́ ọkọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lójú kan, ó lè fọ́ lójijì láìṣe ìkìlọ̀. Ẹ tún ti táyà àsẹ́kù sábẹ́ ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Kí ẹnì kan sì wà nítòsí ní gbogbo àkókò náà. Kì í ṣe ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, torí pé páìpù èéfín kì í jìnnà sí sítátà.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó tú ni orí bátìrì tí a kọ òdì, ìyẹn ìyọkúrò, sí. Òun ni a ń kọ́kọ́ tú, òun ni a sì ń dè gbẹ̀yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ara ọkọ̀ ni ó so mọ́ òdì. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tú èyí tí a kọ ìròpọ̀ sí, tí sípánà sì kan ara ọkọ̀, iná yóò bù yẹ̀rì. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá sítátà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé jíà. Wáyà nípọn kan wà lórí rẹ̀ tí ó ti inú bátìrì wá, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tí ó ti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹni tí ó bá ní fóònù, kí ó ya àwòrán wọn kí ó tó tú wọn. Nọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta ni ó di sítátà mú; 14 tàbí 17 ni ó sábà máa ń wọ̀ wọ́n lórí ọkọ̀ àwọn ará Jàpáánì. Bí ẹ bá ń tú èyí tí ó kẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ kan gbé sítátà náà, nítorí ó wúwo ju bí ó ti rí lójú lọ, ojú ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ni yóò sì bọ́ sí. Bí irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan bá wà láàárín sítátà àti ẹ́ńjìnnì, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ẹ gbé ti àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nílẹ̀. Ẹ ka eyín bẹ́ńdísì méjèèjì. Ẹ wo ihò nọ́ọ̀tì, ẹ wo gígùn imú. Bí nǹkan kan bá yàtọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á ni kí ẹ padà sí. Ẹ fi sáńpépà họ ojú ibi tí sítátà yóò jókòó sí lára ẹ́ńjìnnì, torí pé láti ara rẹ̀ ni iná òdì ń gbà dé inú rẹ̀. Ìpatà àti gíríìsì tí ó dì sójú ibẹ̀ lè mú kí sítátà tuntun máa ṣe bí arúgbó.

Ọ̀rọ̀ rírà kù. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, a kì í ṣe aláìmọ-owó. Òṣómàáló tí kò mọ èrè kò lè ta aṣọ. Bí kábọ́ọ̀nù nìkan ni ó tán, rìwáyà tí ó mọṣẹ́ lè pàrọ̀ rẹ̀ àti búùṣì ní owó tí kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítátà odindi. Èyí ni èmi yóò kọ́kọ́ ṣe, pàápàá bí ara sítátà náà bá jẹ́ èyí tí ó bá ọkọ̀ wá. Tòkunbọ̀ gidi sàn ju tuntun ayédèrú lọ ní ojú tèmi, yálà ẹ rà á ní Òṣogbo, ní Aráròmí ní Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ ní Èkó. Ẹ má sanwó láìjẹ́ pé wọ́n fi bátìrì dán an wò lójú yín: kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí bẹ́ńdísì ta síwájú, kí ó yí láìgbọ̀n, kí ó sì padà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá yọ iná. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen ti àtijọ́, búùṣì kan wà tí kì í bá sítátà jáde. Inú ilé jíà ni ó jókòó sí. Ẹni tí ó bá pàrọ̀ sítátà tí kò pàrọ̀ búùṣì yẹn, yóò tún padà wá.

Nígbà tí ẹ bá ti dè é tán, tí wáyà ti wọ ibi tí wọ́n wà nínú àwòrán, tí wọn kò sì kan páìpù èéfín, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí irin kí ẹ tó so orí bátìrì òdì padà. Kí bàbá jókòó sí àyè awakọ̀, kí ó tẹ búréèkì, kí ó yí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tún fi sípánà kan àwọn nọ́ọ̀tì náà wò. Ẹ má sì sọ sítátà àtijọ́ nù. Àwọn rìwáyà máa ń ra òkú rẹ̀ nítorí bàbà àti sọ́lẹ́nọ́ìdì tí ó wà lára rẹ̀, ẹ sì lè yọ ọ́ nínú owó kí ẹ tó san èyí tí ẹ fẹ́ rà.